Ìrorò Àrùn Yàtọ̀ sí Ibi Tó Wọ̀ Dé

Ní Dassa-Zoumè, ìlú àwọn Ìdàáṣà láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Benin, Faransé ni dókítà fi ń kọ èsì àyẹ̀wò. Ìdàáṣà, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka èdè wa, ni ará ilé fi ń bi ara wọn léèrè ohun tó wà nínú ìwé náà. Bí ìwé bá sọ pé jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni, tí ìdílé sì sọ ọ́ di "jẹjẹrẹ ni, ó sì ti le", ọ̀rọ̀ méjì ti di ẹyọ kan. Dókítà sọ ibi tí àrùn wọ̀ dé nínú ògiri àpò ìtọ̀. Ó tún sọ bí àrùn náà ṣe rorò tó. "Ó ti le" gbé méjèèjì mì. Èrò mi ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún àìsàn yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya méjì wọ̀nyí sọ́tọ̀, nítorí pé orí ìyàtọ̀ wọn ni ìtọ́jú dúró lé.

Awọ fẹ́lẹ́ ló bo ògiri àpò ìtọ̀ nínú. Lẹ́yìn awọ ni ẹran tó ń súnkì nígbà tí a bá ń tọ̀. Lẹ́yìn ẹran ni ọ̀rá. Ara awọ ni jẹjẹrẹ yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tíì dé inú ẹran, dókítà lè gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé láti fá a kúrò, kó sì da oògùn sínú àpò ìtọ̀. Láti ìgbà tí Alvaro Morales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní Kánádà ní 1976 ni BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí a ń fún ọmọ tuntun, ti wọ inú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá ti wọ ẹran, fífá nìkan kò tó mọ́. Wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn apajẹjẹrẹ bíi cisplatin, bí kíndìnrín rẹ̀ bá lè gbà á, kí wọ́n tó yọ àpò ìtọ̀ náà pátápátá. Fún àwọn mìíràn, wọ́n lè lo oògùn pẹ̀lú ìtànṣán kí àpò ìtọ̀ lè dúró. Irú kan sì wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí awọ, tí kò wọnú rárá, síbẹ̀ tó rorò gidigidi. Bí a bá ń lo ọ̀rọ̀ ìpele fún ibi tí àrùn wọ̀ dé àti fún ìrorò rẹ̀ pọ̀, kí ni "ìpele kẹta" yóò sọ fún ẹni tó ní irú èyí? Nítorí náà, mo fẹ́ kí ìpele jẹ́ ti ibi tí àrùn wọ̀ dé nìkan, kí ìrorò sì jẹ́ ti ìwà rẹ̀. Ajá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lè rorò ju èyí tó ti wọ yàrá lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sẹ́nu fún ẹran ògiri yìí ni iṣan. N kò fara mọ́ ọn. Inú iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà ló sì ń fa ni lẹ́sẹ̀. Bí a bá ní jẹjẹrẹ ti wọ iṣan, ẹni tó gbọ́ lè rò pé ó ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara. Ìyẹn ọ̀ràn mìíràn ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò kọjá ẹran ògiri ṣì lè rí ìwòsàn. "Ó ti wọ ẹran ògiri" ló bọ́ sí i jù. Ó tún wúlò níbi tí wọ́n ti ń ka èsì. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n gé lọ fún àyẹ̀wò kò ní ẹran ògiri nínú rárá. Ó yẹ kí aláìsàn lè mọ "wọn kò bá ẹran ògiri nínú èyí tí wọ́n gé" yàtọ̀ sí "kò tíì dé ẹran ògiri". Gbólóhùn kejì fi ni lọ́kàn balẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé wọ́n lè ní láti padà lọ gé òmíràn.

Àṣìṣe ìdàpọ̀ yìí ti pẹ́ lára èdè wa. Àtọ̀sí ajá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àrùn tí ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìlúwẹ̀ẹ́. Kòkòrò inú omi ló ń fà á, èyí tí Theodor Bilharz rí ní Kairo ní 1851. Àrùn náà wà ní Benin, ó sì gbajúmọ̀ ní àyíká adágún Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta. Ní 1994, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìgá ló ń fa ti àpò ìtọ̀ jù káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n àtọ̀sí ni a tún ń pe àrùn ìbálòpọ̀. Orúkọ yìí mú ìtìjú bá ẹni tí omi lásán ló kó àrùn ràn. Ohun tó burú jù ni pé ìlú tó bá ti mọ ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ mọ́ àtọ̀sí ajá lè fojú fo ẹ̀jẹ̀ tí kò mú ìrora dání, tí àgbàlagbà ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ àmì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Kí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ jẹ́ orúkọ àmì, kó má jẹ́ orúkọ àìsàn kankan.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí a kò kúkú yá ti Faransé lò, nígbà tó jẹ́ pé "infiltrant" ni dókítà kọ. Mo gbà kí a yá orúkọ oògùn: cisplatin kò ní kí a tún un sọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n "infiltrant" ń sọ ohun tí àrùn ṣe, ohun náà sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ lédè wa: ó wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn lè ní gbólóhùn wọ̀nyí gùn jù fún orúkọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1984, gbólóhùn kúkúrú ló di orúkọ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn tó pe kòkòrò HIV ní "kòkòrò apa sójà ara" pàápàá kò wá èyí tó kúrú. Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní Yorùbá ìwé kì í ṣe ti Ìdàáṣà. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi fẹ́ orúkọ àdììtú tí ilé ẹ̀kọ́ nìkan yóò mọ̀. Awọ, ẹran, wọ̀, rorò: ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n, ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan sì lè fi tirẹ̀ rọ́pò wọn láì ba ìtò náà jẹ́.

Ó ku ẹ̀rù: àwọn kan gbà pé kí a má la ọ̀rọ̀ tó báyìí mọ́ aláìsàn lójú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ àpò ìtọ̀ kì í ṣe kékeré. Lára ọkùnrin, wọ́n sábà máa ń yọ ẹṣẹ́ pírósíteeti mọ́ ọn. Lára obìnrin, ilé ọmọ lè bá a lọ. Láti ara ìfun ni wọ́n sábà ń gé ọ̀nà tuntun tí ìtọ̀ yóò máa gbà jáde lára ikùn sínú àpò tí aláìsàn yóò máa so mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí Eugene Bricker ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1950. Kò sí bí ẹni tí a sọ fún pé "ó ti le" lásán ṣe lè yan èyí tàbí kó kọ̀ ọ́. Òun ló ni ara. Ó yẹ kó lè fi èdè ara rẹ̀ bèèrè ibi tí àrùn wọ̀ dé, bó ṣe rorò tó, àti ibi tí ìtọ̀ yóò máa gbà, kó tó fọwọ́ sí ìwé.