Bí Pípa Irun Láró Ṣe Kúrò Nínú Ilé, tí Ó sì Tún Padà Síbẹ̀

Pípa irun láró, ìyẹn fífi ohun aláwọ̀ yí àwọ̀ irun orí tàbí irùngbọ̀n padà, yálà láti bo ewú mọ́lẹ̀ tàbí láti ṣe oge, jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá ṣe nínú ilé wọn lónìí, tí àwọn mìíràn sì kà sí àṣà tuntun. Bí a bá tọpa ìtàn rẹ̀, a ó rí i pé ilé ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, pé ìmọ̀ kẹ́mísírì ni ó gbé e lọ sọ́wọ́ àwọn onídìrí, àti pé nígbà tí ó fi máa padà sílé, ẹni tí ń pa irun ara rẹ̀ láró kò mọ ohun tí ó wà nínú aró náà mọ́.

Làálì ni àgbà nínú àwọn aró irun. Ewé igi ni, tí a ń sá gbẹ, tí a ń lọ̀ kúnná, tí a sì ń fi omi pò. Àwọ̀ inú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ irun gbagbaga, a sì sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. A ti rí àmì rẹ̀ lára irun àwọn òkú tí àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì tọ́jú pamọ́. Ní ilẹ̀ Íńdíà àti Páṣíà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí irun òun dúdú yóò kọ́kọ́ fi làálì sí i, lẹ́yìn náà ni yóò fi ewé kan sí i, èyí tí aró inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti elú tí àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo fi ń ṣe àdìrẹ. Àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù ní tiwọn a máa po òjé mọ́ ẹfun, òjé náà yóò sì bá èròjà súfúrì inú irun pàdé, yóò di dúdú. Ní ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Faransé tún aró yìí pò, tí wọ́n sì fi hàn pé òótọ́ ni ó ń wọ inú irun lọ.

Ẹ̀sìn pẹ̀lú lọ́wọ́ sí ìtàn yìí. Ìròyìn kan tí àwọn Mùsùlùmí gbà ní ojúlówó sọ pé nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà ní ọdún 630, wọ́n mú bàbá tí ó bí Abúbákárì ọmọlẹ́yìn Ànábì Muhammad, tí orí rẹ̀ funfun báláú, wá síwájú Ànábì náà, ẹni tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n yí àwọ̀ ewú náà padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún dúdú. Láti inú èyí ni lílo làálì sí irùngbọ̀n ti di ohun tí a bọ̀wọ̀ fún láàárín àwọn Mùsùlùmí, títí kan àwọn ti ilẹ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àwọn àáfà kò kò lórí aró dúdú.

Ohun tí ó yí iṣẹ́ náà padà pátápátá ni aró tí a ń mú jáde láti inú ọ̀dà èédú. Ní ọdún 1856, William Henry Perkin, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ń wá ọ̀nà láti ṣe kuníìnì, oògùn ibà, nínú ilé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n aró aláwọ̀ àlùkò ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní 1863, olùkọ́ rẹ̀, August Wilhelm von Hofmann, kọ̀wé lórí èròjà kan tí a ń pè ní PPD, tí kò ní àwọ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ tí ó máa ń dúdú bí a bá pò ó mọ́ hydrogen peroxide, ìyẹn omi tí ń bó àwọ̀ irun. Bí amóníà bá ti ṣí èèpo irun sílẹ̀, àwọn ẹyọ kéékèèké PPD yóò wọlé, wọn yóò so pọ̀ di ńlá níbẹ̀, wọn kò sì ní lè jáde mọ́. Ìdí nìyí tí omi àti ọṣẹ kì í fi í tètè ṣí aró yìí kúrò.

Èròjà báyìí gba ìwọ̀n àti ìṣọ́ra, ó sì di ti àwọn onídìrí. Eugène Schueller po aró tirẹ̀ nínú ilé tí ó ń gbé ní ìlú Paris ní 1907, ṣùgbọ́n àwọn onídìrí ni ó ń tà á fún, ilé-iṣẹ́ tí ó sì dá sílẹ̀ ní 1909 ni ó di L'Oréal. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1933, aró ìpéǹpéjú kan tí ó ní PPD nínú fọ́ àwọn obìnrin lójú, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tí ó mú òfin ọdún 1938 wá, èyí tí ó gba aró irun láyè bí ó bá ti ru ìkìlọ̀ tí ó sì ṣàlàyé bí a ṣe ń dán an wò lára. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ Clairol, ní 1956, gbé aró kan jáde fún lílò nílé, tí ó ń bó àwọ̀ irun tí ó sì ń pa á láró lẹ́ẹ̀kan náà láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ìpolówó tí Shirley Polykoff kọ fún un dá lé orí pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀, nítorí pé ìtìjú ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà náà. Láàárín ogún ọdún, iye obìnrin Amẹ́ríkà tí ń pa irun láró gòkè láti ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún kọjá ogójì.

Ní Nàìjíríà, dáì ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn àgbà ọkùnrin ni ìyẹ̀fun Bigen láti Japan, tí omi lásán ń pò. Ẹni tí ó fẹ́ lò ó yóò fi ìpara yí ẹ̀bá iwájú orí àti etí ká kí aró má baà mú awọ, yóò da ìyẹ̀fun náà sínú abọ́ ike, yóò fi omi pò ó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki, yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fà á láti ìdí irun. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò dá ni fífi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí tàbí ìgúnpá fún wákàtí 48 ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ìdánwò yìí nìkan ni ó ṣẹ́kù fún wọn nínú ìmọ̀ onídìrí tí páálí dáì rọ́pò. Ènìyàn lè lo dáì fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ewu kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́ lójijì, ara tí ó bá sì ti kọ PPD lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbà á mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dán an wò lẹ́ẹ̀kan kò tíì bọ́, àfi kí ó máa dán an wò nígbàkigbà tí ó bá fẹ́ lò ó.