Láti Adyar dé Mysore: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìpìlẹ̀ nínú Tíósófì àti Yógà

Karma, chakra, prana, aura, mahatma, ara astral: ẹni tó bá ń wá ìmọ̀ nípa yógà kò ní rìn jìnnà kó tó bá wọn pàdé, ojú kan náà ni yóò sì máa bá wọn. Bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n pọ̀, èèyàn á rò pé ọmọ ìyá kan ni gbogbo wọn, pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àgbà Íńdíà fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti pẹ́ nínú ìwé Sanskrit lóòótọ́. Àwọn mìíràn, Yúróòpù ni wọ́n ti wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti Íńdíà láti ìpìlẹ̀, àmọ́ Ẹgbẹ́ Tíósófì tú wọn palẹ̀, wọ́n tún wọn rán, kí wọ́n tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Àyẹ̀wò yìí fẹ́ mọ èwo ni ti ta ni.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1875 ni wọ́n ṣí Ẹgbẹ́ Tíósófì ní New York. Èèyàn mẹ́ta ló léwájú: Helena Petrovna Blavatsky, obìnrin tí wọ́n bí ní 1831 lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà, ní ìlú tó ń jẹ́ Dnipro ní Ukraine lónìí, Henry Steel Olcott, lọ́yà tó jẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àti William Quan Judge, lọ́yà mìíràn tó jẹ́ ọmọ Ireland. Orúkọ tí wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríkì méjì ló bí i, ti Ọlọ́run àti ti ọgbọ́n, wọ́n sì ti ń fi pe àwọn Kristẹni bíi Jakob Böhme ará Jámánì, tí wọ́n ń wá ìfarahàn Ọlọ́run nínú ọkàn ara wọn.

Íńdíà kọ́ ló gba iwájú níbẹ̀rẹ̀. Nínú Isis Unveiled, ìwé ńlá alápá méjì tí Blavatsky tẹ̀ jáde ní 1877, ọgbọ́n àtijọ́ ti Íjíbítì àti Gíríkì pẹ̀lú idán Yúróòpù ló pọ̀ jù. Ìgbà tí òun àti Olcott gúnlẹ̀ sí Bombay ní oṣù kejì ọdún 1879 ni nǹkan yí padà. Ní 1880, ní ìlú Galle ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí, àwọn méjèèjì jẹ́ ẹ̀jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà ní gbangba. Ní 1882 wọ́n ra ilẹ̀ sí Adyar, lẹ́bàá Madras, ibẹ̀ sì ni olú ilé ẹgbẹ́ náà wà títí di òní. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn ń lé: kí gbogbo ọmọ aráyé di ará kan láìwo àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn, kí wọ́n fi ẹ̀sìn, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti sáyẹ́ǹsì wéra, kí wọ́n sì wádìí agbára tó fara sin nínú ẹ̀dá. Ti kẹta yìí ló ń fa èrò.

Ká fi mahatma bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nínú Sanskrit, oríyìn lásán ni fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ tóbi. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ Íńdíà fi dá Gandhi lọ́lá nígbà tó yá. Lẹ́nu Blavatsky, ó di oyè àwọn ọkùnrin kan pàtó tó sọ pé wọ́n wà láàyè ní Tibet, tí wọ́n ń darí ẹgbẹ́ náà láti òkèèrè. Koot Hoomi àti Morya ló lókìkí jù nínú wọn. Láti 1880 ni lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ A. P. Sinnett, olóòtú ìwé ìròyìn The Pioneer ní Allahabad, tí wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn mahatma ló ti ń wá. Àwọn lẹ́tà náà wà ní ibi ìkówèésí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí.

Ní Adyar, kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan wà tí wọ́n gbé ti ògiri iyàrá Blavatsky, tí wọ́n ń pè ní ojúbọ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á fi ìwé sínú rẹ̀, wọn á ti ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá ṣí i, èsì ti wà níbẹ̀. Ní 1884, Emma Coulomb àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú ilé náà bá ẹgbẹ́ jà, wọ́n sì jáde sọ pé ojú ihò wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, pé láti iyàrá lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Richard Hodgson, tí ẹgbẹ́ olùwádìí ohun abàmì kan rán wá láti London, gbé ìròyìn jáde ní 1885 pé ẹ̀tàn ni. Ọ̀rọ̀ náà kò kú síbẹ̀. Ní 1986, nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ olùwádìí yẹn kan náà, Vernon Harrison kọ̀wé pé iṣẹ́ Hodgson ṣe ojúsàájú. Ẹni tó bá fẹ́ lè máa dá ẹjọ́ náà lọ. Ohun tó kan àyẹ̀wò wa ni pé èrò àwọn àgbà kan tí a kò rí, tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn tọ́ ayé sọ́nà, kò sí nínú ìtumọ̀ mahatma kí Blavatsky tó mú un. Púpọ̀ nínú ìjọ ẹ̀mí òde òní tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀gá tó ti gòkè lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti yá a.

Karma tiẹ̀ lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣe ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Nínú àwọn Veda, ìṣe ètùtù ni wọ́n sábà ń fi í pè, àwọn Upanishad ló sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìṣe èèyàn ń bá a lọ sínú ayé tó ń bọ̀. Fún ẹlẹ́sìn Híńdù àti ti Búdà, ìyíká ìbí àti ikú yìí, tí wọ́n ń pè ní samsara, ìdè ni. Ẹni tó gbọ́n ń wá ọ̀nà àbájáde, nítorí ẹ̀dá lè ti ipò ọba ṣubú di ẹranko. Ó yani lẹ́nu pé nínú Isis Unveiled, Blavatsky fúnra rẹ̀ kò gbà pé àtúnwá sí ayé jẹ́ òfin fún gbogbo èèyàn. Nígbà tí yóò fi kọ The Key to Theosophy ní 1889, àtúnwá ti di òpó ilé. Àmọ́ irú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ayé di ilé ẹ̀kọ́ tí ọkàn ti ń gba kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, kò sì sí pé èèyàn ń padà di ẹranko mọ́. Ìwé Darwin ti jáde láti 1859, gbogbo Yúróòpù ló ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ẹ̀dá nígbà náà; Tíósófì mú èrò yẹn kúrò lára ẹran ara, ó gbé e wọ ọkàn. Òǹkàwé tó bá ń rántí Babatúndé àti Yétúndé níhìn-ín, kó rọra: àtúnwá tiwa ń yà sílé ẹbí ni, ti karma kò mọ ìdílé.

Ẹ̀ka tó burú jù nínú ẹ̀kọ́ Tíósófì ni ti àwọn ìran ìpìlẹ̀ méje inú The Secret Doctrine, ìwé Blavatsky ti ọdún 1888. Lemuria àti Atlantis, àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ní òkun ti bò, wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà èèyàn sì wà lórí àkàbà, tí àwọn kan wà lókè tí àwọn mìíràn wà nísàlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ní gbogbo ènìyàn jẹ́ ará kan ló gbé irú rẹ̀ jáde. Àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà Jámánì àti Austria kan rí ohun tó wù wọ́n níbẹ̀ nígbà tó yá.

Ìpín méje ni Tíósófì sọ pé ẹ̀dá ní: sthula sharira tí í ṣe ara tí à ń fọwọ́ kàn, linga sharira tí í ṣe òjìji ara yẹn, prana tí í ṣe agbára ìyè, kama tí í ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, manas tí í ṣe iyè inú, buddhi tí í ṣe òye ẹ̀mí, àti atma tí í ṣe ẹ̀mí fúnra rẹ̀. Gbogbo orúkọ náà ni ti Sanskrit, ṣùgbọ́n kò sí ìwé Íńdíà àtijọ́ tó kà wọ́n jọ báyìí. Ìpele márùn-ún ni Taittiriya Upanishad ní. Ara mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ Vedanta ń kà. Ara astral ńkọ́? Ìyẹn kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Íńdíà. Láti inú ìwé àwọn oníwòsàn àti onídán Yúróòpù, láti ayé Paracelsus, ni èrò ara tó bá ìràwọ̀ tan ti ṣàn wá. Annie Besant, tó di ààrẹ ẹgbẹ́ ní 1907, àti Charles Leadbeater ló wá fi àwọ̀ kùn ún. Ìwé wọn Thought-Forms kún fún àwòrán bí ìbínú ṣe pọ́n àti bí ìfọkànsìn ṣe búlúù. Kandinsky, ayàwòrán, ka irú ìwé wọ̀nyí. Mondrian, ayàwòrán bíi tirẹ̀, wọ ẹgbẹ́ náà ní Netherlands ní 1909. Bóyá ara ọ̀dà ni aura, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ní ó yí ara ká, ti wúlò jù.

Chakra, àwọn ojúkò agbára nínú ara, ló yẹ ká jókòó tì dáadáa. Nínú àwọn ìwé Tantra, iye wọn kò dọ́gba: òmíràn ka márùn-ún, òmíràn mẹ́fà, òmíràn mẹ́sàn-án. Èyí tó wá borí ni ètò Purnananda, olùkọ́ Bengal kan tó kọ̀wé rẹ̀ ní 1577: mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, àti sahasrara lókè orí. Ẹ wo anahata, èyí tó wà ní àyà. Òdòdó olójú-ewé méjìlá ni, àwọ̀ rẹ̀ pupa. Afẹ́fẹ́ ni ohun ìṣẹ̀dá rẹ̀, nínú àwòrán onígun mẹ́fà tó dúdú bí èéfín. Ẹtu dúdú ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú òrìṣà tirẹ̀, lẹ́tà Sanskrit kan sì wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Ewé chakra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́wàá, méjìlá, mẹ́rìndínlógún àti méjì, jẹ́ àádọ́ta, iye lẹ́tà tí wọ́n ń kà nínú Sanskrit. Èyí fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fi ọkàn ya chakra sára ara rẹ̀, tí yóò fi ohùn mantra tẹ̀ wọ́n dó níbẹ̀, títí kundalini, agbára tó ká bí ejò nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, yóò fi gòkè.

John Woodroffe, adájọ́ ní Calcutta, túmọ̀ ìwé Purnananda nínú The Serpent Power ní 1919. Leadbeater tẹ̀ tirẹ̀, The Chakras, jáde ní 1927, ó ní ojú ẹ̀mí lòun fi rí ohun tóun yà. Níbi tí Purnananda fi svadhishthana sí, lẹ́bàá ojú ara, Leadbeater gbé chakra náà kúrò, ó fi ti ọlọ inú dípò, nítorí ó gbà pé ewu wà nínú kí èèyàn máa jí agbára ibẹ̀. Ìtìjú ayé Fíkítóríà wọ inú ẹ̀kọ́ Tantra nìyẹn. Àwọ̀ òṣùmàrè méje tó wà lórí gbogbo pátákó ilé yógà lónìí, tí anahata fi di àwọ̀ ewé, kò sí nínú Purnananda, kò sì bá àwọ̀ Leadbeater mu. Amẹ́ríkà ti ọdún 1970 sókè ló sọ ọ́ di àṣà.

Ìyàlẹ́nu mìíràn wà nínú Yoga Sutra ti Patanjali, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi sí nǹkan bí ọdún 400 lẹ́yìn ìbí Jésù. Gbólóhùn kúkúrú 195 ni, ní apá mẹ́rin. Ẹ̀ka mẹ́jọ ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwà: yama ni àwọn èèwọ̀ bíi ìpalára, irọ́ àti olè, niyama ni ìmọ́tótó, ìtẹ́lọ́rùn àti ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni asana tí í ṣe ìdúró tàbí ìjókòó ara, pranayama tí í ṣe ìkóra-ẹni-níjàánu lórí èémí, pratyahara tí í ṣe fífa iyè-ara sínú, dharana tí í ṣe ìfọkànsí ohun kan, dhyana tí í ṣe àṣàrò, àti samadhi tí í ṣe ìrìnú àṣàrò pátápátá. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló kan asana nínú 195, ohun tí wọ́n sì béèrè kò ju pé kí ìjókòó dúró ṣinṣin, kó sì tuni lára. Àwọn tó ń sọ pé ìṣọ̀kan pẹ̀lú Ọlọ́run ni yógà, ọ̀dọ̀ Vedanta ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ibi tí Patanjali ń lọ ni kaivalya, ìdádúró: purusha, ẹ̀mí tó ń wòran, yóò ya ara rẹ̀ kúrò lára prakriti, ìyẹn gbogbo ìṣẹ̀dá, títí kan èrò inú. Ìyapa ni, kì í ṣe ìṣọ̀kan. Apá kẹta ìwé náà ka àwọn siddhi, agbára abàmì, sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé ìdènà ni wọ́n jẹ́ fún samadhi. Àwọn onítíósófì mọ ìkìlọ̀ yìí. Judge pàápàá tẹ Patanjali jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1889. Síbẹ̀, agbára abàmì ni ọ̀pọ̀ èrò ń wá lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ohun kan tí Blavatsky àti Vivekananda, olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù, fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé wọn kò ka hatha yoga, yógà ara, sí. Vivekananda tó mi Chicago tìtì níbi àpérò àwọn ẹ̀sìn ayé ní 1893, tó tẹ Raja Yoga jáde ní 1896, sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò kọjá ìlera ara. Yógà ara ló padà gba ayé. Láàfin Mysore, láti àwọn ọdún 1930, Krishnamacharya ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní asana lábẹ́ ojú rere ọba Krishnaraja Wadiyar kẹrin. Iṣẹ́ rẹ̀ pa ìwé àtijọ́ pọ̀ mọ́ eré ìdárayá, èyí tó jọ ti àwọn oníjìjàkadì Íńdíà àti ti àwọn ológun Yúróòpù. B. K. S. Iyengar, arákùnrin ìyàwó rẹ̀, kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ Light on Yoga jáde ní 1966, pẹ̀lú nǹkan bí 200 asana nínú rẹ̀.

Àwọn onítíósófì kò jìnnà sí ìtàn yìí náà. Indra Devi, obìnrin tí wọ́n bí sí Riga, ṣe alábàápàdé Jiddu Krishnamurti níbi ìpàdé wọn ní Ommen, ní Netherlands, ní 1926. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọkọ̀ lọ sí Íńdíà. Ó di akẹ́kọ̀ọ́ Krishnamacharya, ó sì ṣí ilé yógà sí Hollywood. Krishnamurti fúnra rẹ̀ ni ọmọ tí Leadbeater rí létí òkun Adyar ní 1909, tí wọ́n tọ́ dàgbà pé òun ni Olùkọ́ Ayé tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1929, ní Ommen kan náà, ó dìde níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò, ó tú àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ ká, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba guru. Ní ti asana, ó ní olùkọ́: Iyengar lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Desikachar, ọmọ Krishnamacharya.