Owó Iṣẹ́ fún Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké àti Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Òrè àti Odigbó

Òrè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Níbẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin ti pàdé èyí tó wá láti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn 230,351 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Kòkó, epo pupa, rọ́bà, pákó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gààrí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun, ọkọ̀ sì ń kó ọjà wọ̀nyí kọjá tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀, ẹni tó ti ń ta gààrí lẹ́bàá títì láti ogún ọdún lè máà tíì rí owó tí yóò fi ra ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ kan yá ní báǹkì. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ àlàyé yìí, àti nítorí àwọn ará abúlé tí ọ̀nà oko wọn ti di kòtò.

Lọ́pọ̀ ìgbà, oníṣòwò a dá lọ sí báǹkì, àwọn ará abúlé náà a sì dá lọ bá káńsílọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, wọn kò kàn sọ ọ́ pọ̀ ni. Bí ẹni tó ní ẹbu epo bá yáwó ra ẹ̀rọ ìfúnpo, tí ọkọ̀ kò sì lè wọ oko nígbà òjò, kí ni yóò fi san gbèsè náà? Bákan náà, gbogbo abúlé ló ń sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ pé ọ̀nà àwọn kò dára. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó bá sọ iye ẹbu tó wà lójú ọ̀nà náà, orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, àti iye dúrọ́ọ̀mù epo tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, yóò fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun tí wọ́n lè kọ sínú ètò ìṣúná.

Ìwé ni ìṣòro àkọ́kọ́. Àjọ àti èésú dára, wọ́n sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé là, ṣùgbọ́n báǹkì kò lè rí ohun tó wà nínú ìwé alájọ. Ẹ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission, ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ òwò náà, kí ẹ sì jẹ́ kí owó ọjà máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ìwé kékeré tí ẹ ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sí lójoojúmọ́ wúlò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ níwájú ẹni tí yóò yáni lówó. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká èyí, kí ó wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti forúkọ sílẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ lè gba ẹ̀yáwó, kí ó sì pín in láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe onídùúró fún ara wọn.

Ní ti ibi tí owó wà, àwọn báǹkì kéékèèké tí ìlànà Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2005 fi ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀ ni ó súnmọ́ wa jù. Development Bank of Nigeria kì í yá oníṣòwò lówó tààrà. Àwọn báǹkì wọ̀nyí ló ń fún lówó kí wọ́n lè yá yín. Ẹ béèrè, nígbà náà, bóyá báǹkì tí ẹ ń lò wà lára wọn. Bank of Industry, tí a dá sílẹ̀ lórúkọ yẹn ní ọdún 2001, wà fún ẹni tó ń fi ohun kan ṣe òmíràn: ẹni tó ń lagi, tó ń fún epo, tó ń yan gààrí. Bí ẹ kò bá ní ilé tí ẹ lè fi ṣe ìdógò, òfin ọdún 2017 lórí ohun ìní tí a lè gbé kiri fàyè gbà yín láti fi ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀ ṣe é. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ onílé ìlagi kò tíì gbọ́ nípa òfin yìí rí.

Ètò NG-CARES náà wà, èyí tí Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní December 2020 pẹ̀lú mílíọ̀nù 750 dọ́là Amẹ́ríkà fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ìpínlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ náwó nínú rẹ̀. Lẹ́yìn àyẹ̀wò pé iṣẹ́ ti délẹ̀ ni owó ń padà wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa ń béèrè orúkọ, àwòrán àti ẹ̀rí. Kì í ṣe àgídí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gba sùúrù jù. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìlú ńlá, títí dé 500 hẹ́kítà fún iṣẹ́ oko. Bí àgbẹ̀ náà bá fẹ́ fi ilẹ̀ ọ̀hún yáwó, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni yóò fọwọ́ sí i. Nítorí náà, sẹkitéríàtì Òrè ní ipa tó ju gbígba owó ìsọ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó. Ṣùgbọ́n ẹni tí oko kòkó rẹ̀ wà nínú igbó ọba Olúwa kò lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àkóso igbó ọba. Ọ̀rọ̀ yìí ti wá le sí i. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní ọdún 2023 pé kòkó, rọ́bà, igi àti epo pupa tó wá láti ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 December 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà yóò múlẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọn kò pa á rẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Odigbó ń tà. Ẹni tó bá ti wọn oko rẹ̀, tó sì ní àwòrán ààlà rẹ̀ lọ́wọ́, ni olùra yóò kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran àti ọ̀nà abẹ́lé wà lára iṣẹ́ tí ìwé òfin ọdún 1999 fi lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ní 11 July 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ìyẹn ni pé ìbéèrè yín lórí ìsọ̀ tàbí afárá ní ibi tó yẹ kó lọ. Àwọn abúlé tó jàǹfààní ètò ìdàgbàsókè àdúgbò ti Báǹkì Àgbáyé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, kọ́kọ́ yan ìgbìmọ̀, wọ́n kọ ètò wọn sílẹ̀, wọ́n sì dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà, ní owó tàbí ní iṣẹ́ ọwọ́. Abúlé tó bá ti ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ètò tuntun tó dé kò ní máa sáré kiri lọ́jọ́ tí a bá kéde rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí sẹkitéríàtì ní Òrè, ẹ béèrè òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti èyí tó wà nídìí ètò ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ mú ìwé orúkọ òwò, àkọsílẹ̀ báǹkì àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ dání. Báǹkì lè gba owó iṣẹ́ ìwé, ṣùgbọ́n rìsíìtì rẹ̀ yóò jẹ́ ti báǹkì. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ìjọba sínú àkáǹtì tara rẹ̀, tàbí tó béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì yín, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí.