Ẹ̀jẹ̀ Inú Ikọ́: Ọ̀rọ̀ Admin Lálẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Admin yín ni. Ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀, iná ò sí ní Dutse látàárọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé ẹni tó bá ń wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, májèlé ni wọ́n fún un jẹ. Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n sọ nípa àbúrò bàbá mi gan-an nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn. Ikọ́ ife ti ń bá a jà tipẹ́. Lóru ọjọ́ kan ó wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ kún abọ́, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ. Owó tí wọn ì bá fi gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n ti fi ra ewúrẹ́ ètùtù. Bẹ́ẹ̀ ọsibítù àrùn àyà wà ní Jericho níbẹ̀!

Ní 1868, dókítà kan ará Denmark tó ń jẹ́ Rasmussen kọ ohun tó rí nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí irú ikọ́ yìí pa. Ikọ́ ife máa ń jẹ ihò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bá gba ẹ̀gbẹ́ ihò náà kọjá, àrùn á jẹ ara rẹ̀ títí á fi fẹ́lẹ́, á wá wú bíi bọ́ọ̀lù kékeré. Ọjọ́ tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ya kún ibi téèyàn fi ń mí. Àìrí èémí mí ló sábà ń pa wọ́n, kí ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ tó tán lára. Koch ò tíì rí kòkòrò àrùn náà nígbà yẹn o, 1882 ló tó rí i.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò kàn rán an. Èmi tí mò ń ta aṣọ mọ̀ pé aṣọ tó ti jẹrà kì í gba òwú. Ó di dandan kí wọ́n so iṣan náà níbi tí ara rẹ̀ ṣì le, kí wọ́n sì gé apá ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ kúrò. Ta ló láyà bẹ́ẹ̀? Ní 1933, Evarts Graham yọ odidi ẹ̀dọ̀fóró kan lára dókítà kan tó ní jẹjẹrẹ ní St. Louis, l'Amẹ́ríkà. Aláìsàn náà yè, ó tún pẹ́ láyé ju Graham fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1943 ni wọ́n rí streptomycin, oògùn tó ń pa kòkòrò náà, ọgbẹ́ wá ń jinná.

Nílé wa, UCH Ìbàdàn ṣílẹ̀kùn ní 1957. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetayo Grillo wà lára àwọn ọmọ wa tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ abẹ àyà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣan ńlá tó wà lẹ́bàá ọkàn ló wú, ẹ̀rọ ló máa ń bá ọkàn ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gé e. Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ọkàn báyẹn ní Nàìjíríà, ní 1974. Lóde òní, wọ́n lè ki ọ̀pá tín-ínrín gba itan lọ dí iṣan náà, láìla àyà rárá.

Tí ẹ bá mọ apá tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ẹ jẹ́ kó fi apá yẹn dùbúlẹ̀, kí èkejì lè máa mí, kẹ́ ẹ sì wá mọ́tò kíá. Oògùn ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ májèlé yẹn, mi ò ní yọ ọ́ kúrò ní gúrúpù. Kó fi nọ́ńbà àwọn ará ilé aláìsàn náà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mọ́tò mi ń lọ Kubwa láago mẹ́fà ìdájí ọ̀la.