Bí Oxford Ṣe Dá Onímọ́tò Dúró Lẹ́yìn Odi

Oxford, ìlú àwọn ọ̀mọ̀wé, ọmọ olódò méjì, tí Thames rọ̀gbà yí ká ní ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù, tí Cherwell sì dáàbò bò ní ìlà-oòrùn, kì í ṣe ìlú tí a tẹ̀dó fún mọ́tò. Òpópónà rẹ̀ há, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtayébáyé fara ti ara wọn bí àgbà tí ń sọ̀rọ̀ àṣírí, ẹni tí ó bá sì ti ìlà-oòrùn wá, orí afárá Magdalen ni yóò gbà kí ó tó dé àárín ìgboro. Síbẹ̀ ìlú yìí náà ni ó fi ẹsẹ̀ àṣà kan múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí àlejò gbé mọ́tò rẹ̀ sí gbàgede ńlá kan lẹ́yìn ìlú, kí ó wọ bọ́ọ̀sì dé ọjà, kí ó sì tún wọ bọ́ọ̀sì padà wá gbé e. Ìparí ọdún 1973 ni wọ́n ṣí gbàgede Redbridge ní ọ̀nà gúúsù. Àwọn ìlú mìíràn bíi Leicester ti tọ́ irú rẹ̀ wò ṣáájú, ṣùgbọ́n ti Oxford ni ó pẹ́ tí kò kú.

Ẹni tí yóò bá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn William Morris, ọmọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iṣẹ́ kẹ̀kẹ́, tí ó sì wá di Lord Nuffield, olówó tí ń fowó ṣàánú. Ní ọdún 1913 ni mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Cowley. Ní ìparí ọdún kan náà ni ó tún kó bọ́ọ̀sì wọ ìgboro, láti fi bá ọkọ̀ ojú irin tí ẹṣin ń fà díje, èyí tí ó ti ń rá pálá láàrín ìlú láti ọdún 1881. Kò ní ìwé àṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ èrò nínú ọkọ̀. Nítorí náà ó ní kí àwọn onísọ́ọ̀bù máa bá òun ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí èrò kàn máa fi í han ẹni tí ó bá wà nídìí ọkọ̀. Kí ọdún 1914 tó parí, ẹṣin ti gba ilé rẹ̀ lọ, Morris sì ti fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó gbájú mọ́ mọ́tò ní tirẹ̀. Ọwọ́ kan náà tí ó kọ́ ará ìlú ní bọ́ọ̀sì wíwọ̀ ni ó rọ mọ́tò tí ó wá dí bọ́ọ̀sì lọ́nà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní High Street di ohun tí ń lé ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò nídìí fèrèsé. Ìgbìmọ̀ ìlú pe Thomas Sharp, amọ̀ràn nípa ìtòlú, ó sì gbé ìwé Oxford Replanned jáde ní ọdún 1948, nínú èyí tí ó ti ní kí wọ́n la ọ̀nà tuntun gba Christ Church Meadow kọjá, pápá tútù tí màlúù ń jẹ̀ lẹ́bàá odò. Háà! Ìjà dé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀nà náà yóò mú ọkọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn fẹ́ ẹ. Èyí tí yóò gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọdún 1956, Duncan Sandys, mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, pàṣẹ pé kí ìgbìmọ̀ fi ọ̀nà náà sínú ètò wọn. Ìwádìí ń gun orí ìwádìí, agbẹjọ́rò ń jẹ, ọ̀nà kò là. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìgbìmọ̀ ju ìwé ọ̀nà sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: èyí tí wọn kò lè là gba pápá ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì wá gbà. Èmi kò gbà pé ìfẹ́ bọ́ọ̀sì ni ó mú wọn ṣe é. Àárẹ̀ ìjà ni.

Ètò ìrìnnà tí ìgbìmọ̀ ìlú gbé kalẹ̀ ní ọdún 1973 ní kí a má la ọ̀nà ńlá mọ́, kí ààyè ìgbọ́kọ̀sí dín kù láàrín ìgboro, kí bọ́ọ̀sì sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Pear Tree àti Seacourt tẹ̀lé Redbridge ní ọdún 1974, Thornhill sì dé ní ọdún 1985. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1974, òfin tuntun gba agbára ojú ọ̀nà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ó gbé e fún ìgbìmọ̀ ẹkùn Oxfordshire, nígbà tí àwọn gbàgede ṣì wà lọ́wọ́ ìlú. Ẹni tí ó ní fìlà kò ní orí, ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà. Ìlú ń ro ti onísọ́ọ̀bù tí ẹ̀rù ń bà pé oníbàárà yóò sá, àti ti owó ìgbọ́kọ̀sí tí ń wọ àpò. Ẹkùn ń ro ti ará abúlé tí kò ní ohun ìrìnnà kankan lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, gbàgede kíkọ́ tàbí fífẹ̀ sábà máa ń fa iyàn láàrín àwọn méjèèjì.

Àwọn ìlú mìíràn wò ó, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. York bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1990. Ní Cambridge, ìgbìmọ̀ ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba £1 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ sí gbàgede ní ọdún 2014. Ariwo rẹ̀ kò rọlẹ̀ títí wọ́n fi mú un kúrò ní ọdún 2018. Maidstone ti tirẹ̀ pa ní ọdún 2022.

Graham Parkhurst, onímọ̀ ìrìnnà tí ó yẹ ọ̀rọ̀ Oxford wò ní àwọn ọdún 1990, ni ó sọ ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ kò fẹ́ gbọ́: pé lára àwọn tí ń lo gbàgede, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń wọ̀ láti abúlé wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá ń wa mọ́tò dé gbàgede nísinsìnyí, pé bí mọ́tò ṣe ń dín kù nínú ìgboro ni ó ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà oko. Ní ti Eynsham lẹ́yìn ìlú, níbi tí ìgbìmọ̀ ẹkùn ti parí gbàgede tí ó gba ọkọ̀ 850 ní ọdún 2024, kò tilẹ̀ sí mọ́tò tí yóò pọ̀ tàbí dín, nítorí wọ́n kọ́ ilé tán kí wọ́n tó rántí ẹnu ọ̀nà: nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, kò sí oríta tí a lè gbà ya wọ inú rẹ̀ láti títì A40.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba £5 lójúmọ́ lọ́wọ́ onímọ́tò tí ó bá gba àwọn ojú ọ̀nà mẹ́fà kan kọjá láàrín ìlú Oxford, wọ́n sì fi nínú owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò gbàgede lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ó bá Redbridge rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi. Àwọn oníṣòwò ìgboro kò bi mí, inú wọn kò sì dùn sí i.