Ṣóńṣó Igi

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná igi fún ìyá ìyá mi, gbogbo igi tó wà nílẹ̀ ni mo kì bọ inú ààrò lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín gba ilé ìdáná kan. Màmá yọ èyí tó pọ̀ jù kúrò, wọ́n ku mẹ́ta, wọ́n jẹ́ kí ṣóńṣó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra láàárín ààrò. Kíá, iná ràn.

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ èéfín ti da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú tipẹ́. Ní 1744, Benjamin Franklin tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí sítóòfù onírin tó ṣe. Gómìnà Pennsylvania fẹ́ fún un láṣẹ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa tà á, Franklin kọ̀. (Inú àwa tí à ń kọ sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ máa ń dùn sí ìtàn yìí.) Àmọ́ ó fẹ́ kí èéfín kọ́kọ́ wálẹ̀ kó tó jáde, bẹ́ẹ̀ òkè ni èéfín gbígbóná ń lọ. Ní 1796, Count Rumford kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fún ọ̀fun ibi ìdáná kí èéfín lè já sókè.

Ẹni tó wojú igi gan-an ni Larry Winiarski, ní Oregon, Amẹ́ríkà, tó gbé ìlànà sítóòfù tí wọ́n ń pè ní rocket stove kalẹ̀ ní 1982. Igi tí kò ráyè jó tán ni èéfín. Bí igi bá gbóná, á máa tú gáàsì jáde. Bí gáàsì yẹn bá rí ooru àti afẹ́fẹ́ tó, á di ọwọ́ iná. Bí kò bá rí i, á di èéfín. Ẹni tó kì igi mẹ́wàá bọ iná ti tú gáàsì igi mẹ́wàá sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ igi mẹ́ta wà. Winiarski wá gbé pẹpẹ kékeré sí ẹnu sítóòfù: igi wà lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ṣóńṣó igi nìkan ló ń jó. Bó bá ṣe ń jó, kéèyàn máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀.

Mi ò ní ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa ló ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáná ààrò rí tí kò mọ̀ ọ́n: iná pọ̀ jù, fa igi sẹ́yìn, kò tó, tì í wọlé. Ohun tí Winiarski ní tí màmá kò ní ni ọ̀nà èéfín tóóró tó ká ooru mọ́, tí èéfín fi ń jó tán kó tó dé ìdí ìkòkò. Ní ti màmá, èyí tó bá ṣẹ́kù, ojú wọn ló ń gbà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ní 2020.

Màmá kò ríran dáadáa mọ́. Dókítà kò sọ pé èéfín ni, èmi náà ò lè búra. Ṣùgbọ́n bí mo bá dáná igi nílé, láti yàrá ni wọ́n ti máa gbóòórùn rẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, o tún ti kì í jù. Fà á sẹ́yìn.”