Ìsọjí Orúkọ Buick

Buick ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ilé-iṣẹ́ General Motors ti Amẹ́ríkà ń ṣe, ó sì wà lára àwọn orúkọ ọkọ̀ tí ó pẹ́ jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, nítorí pé láti ọdún 1903 ni a ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ipò rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ipò mẹ̀kúnnù, bẹ́ẹ̀ ni kò dé ipò ọba: ó ga ju Chevrolet tí òṣìṣẹ́ ń rà lọ, kò sì ga tó Cadillac tí àwọn olówó fi ń ṣe fáàrí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó sún mọ́ bọ̀gìnnì tí kò sì béèrè owó bọ̀gìnnì lọ́wọ́ ẹni, ni ó ṣòro jù lọ láti tà nígbà tí ojú ọjà bá yí padà, nítorí pé ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀ sọ́dọ̀ èyí tí ó rọjú, ẹni tí ó rí owó ná yóò gòkè sọ́dọ̀ èyí tí ó gbówó lórí, a ó sì fi ti àárín sílẹ̀ ní òun nìkan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Buick gan-an nìyẹn, bí ó sì ṣe padà rí ẹni rà á, láàárín ọdún 2007 sí 2016, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ kì í yé sọ.

Ẹni tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ jíǹkí ọkọ̀ náà, David Dunbar Buick, ọmọ ilẹ̀ Scotland ni; ìlú Arbroath ni a bí i sí ní ọdún 1854, ọmọ ọdún méjì ni ó sì jẹ́ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e sọdá òkun wá sí Detroit. Iṣẹ́ ẹ̀rọ-omi ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olówó, nítorí pé ó rí ọgbọ́n bí a ti ń fi ọ̀dà funfun dídán bo irin tí a fi ń ṣe ọpọ́n ìwẹ̀, tí kò fi ní í ṣí mọ́; ṣùgbọ́n gbogbo owó tí ó rí nídìí ọpọ́n ìwẹ̀ ni ó kó lé ẹ́ńjìnnì lórí. Ẹ́ńjìnnì tí òun àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe, òkè orí sìlíńdà ni fáàfù rẹ̀ wà, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ti àwọn ẹlòmíràn, ìdí nìyí tí ó fi ń mí dáadáa tí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Orí tí ó mọ irin kò mọ owó: ní ọdún 1904 ni ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ William Durant, gbajúmọ̀ oníṣòwò kẹ̀kẹ́-ẹṣin ní ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ, tí ó lọ sí ibi àfihàn ọkọ̀ ní New York ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí ó sì gba àdéhùn ọkọ̀ tí ó lé ní 1,000 nígbà tí gbogbo èyí tí ilé-iṣẹ́ náà tíì ṣe rí kò pé 50. Lórí èrè Buick ni Durant dúró sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1908 tí ó fi dá General Motors sílẹ̀. David Buick ní tirẹ̀ kò jẹ nínú ọlá náà. Ó kú ní òtòṣì ní Detroit ní ọdún 1929, nígbà tí ọkọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan lójú títì.

Alfred Sloan, tí ó di ọ̀gá General Motors lẹ́yìn náà, ni ó wá to àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà bí àtẹ̀gùn, tí ọ̀dọ́mọkùnrin yóò fi bẹ̀rẹ̀ lórí Chevrolet, tí yóò máa gùn ún bí owó rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dé orí Cadillac. Buick ni ó sì kángun sí ti òkè pátápátá. Dókítà, lọ́yà àti ọ̀gá báńkì ni a mọ̀ mọ́ ọn, àwọn ènìyàn tí ó ti rọ́wọ́ mú tí wọn kò sì fẹ́ kí aládùúgbò sọ pé wọ́n ń ṣe àṣejù. Ní ọdún 1938 ni Harley Earl, ọ̀gá àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ní General Motors, ṣe Y-Job, ọkọ̀ Buick kan ṣoṣo tí a kò ṣe fún títà, tí a fi ń wo ohun tí ọjọ́ iwájú lè mú wá: iná iwájú rẹ̀ a máa sá pamọ́ sínú ara ọkọ̀, iná mànàmáná ni ó sì ń gbé gíláàsì fèrèsé rẹ̀ sókè sódò. Ní ọdún 1949 ẹ̀wẹ̀ ni wọ́n lu ihò róbótó sí ẹ̀gbẹ́ iwájú ọkọ̀ náà, mẹ́rin fún Roadmaster tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, mẹ́ta fún àwọn àbúrò rẹ̀, débi pé ọmọ kékeré tí ó bá ti mọ òǹkà lè dúró sẹ́bàá ọ̀nà kí ó sì mọ bí àpò ẹni tí ń kọjá ti jìn tó. Ẹni tí ó bá dé Havana lónìí, níbi tí ìdènà òwò ti so ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ mọ́ ojú títì, ṣì lè bá àwọn Buick oníhò wọ̀nyẹn pàdé lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń kó èrò.

Ọdún 1984 ni ọjà rẹ̀ dé góńgó ní Amẹ́ríkà, tí ó ta ọkọ̀ tí ó lé ní 900,000. Inú ọdún ọlá yẹn náà ni ìdin sì ti wà. Àwọn àgbà wí pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n. Láti lè tà tó bẹ́ẹ̀, General Motors fi orúkọ Buick sára ọkọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ bíi Skyhawk, tí egungun àti ẹran ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Chevrolet Cavalier, àyàfi àmì tí ó wà níwájú àti iye owó tí a kọ sára rẹ̀. Àwọn tí ó ṣì ń ra èyí tí ó tóbi, LeSabre àti Century, rà á nítorí pé àga rẹ̀ rọ̀ bí ìbùsùn, pé kì í pariwo, pé kì í sì í dá ẹni dúró lójú ọ̀nà; ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni orí wọn ń funfun, àwọn ọmọ wọn sì ń lọ ra ọkọ̀ Japan àti ti Jámánì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2000, bí ọ̀dọ́ kan ní Amẹ́ríkà bá gbọ́ Buick, bàbá bàbá rẹ̀ ni yóò rántí.

Ìpolówó ni wọ́n kọ́kọ́ fi wo àìsàn náà. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti gba Tiger Woods, akọni agbábọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì ju 24 lọ, láti máa gbé orúkọ Buick kiri lára àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù rẹ̀, ó sì ṣe é títí ọdún 2008 fi parí. Ènìyàn gbogbo mọ Tiger, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọn kò gbà ni pé ọ̀dọ́mọdé olówó bẹ́ẹ̀ lè fi owó ara rẹ̀ ra Rendezvous, ọ̀kan nínú àwọn Buick ìgbà náà, nítorí ọkọ̀ tí ó ń polówó kò jọ ọ́. Oldsmobile tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Buick ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 1988 ni wọ́n gbé ìpolówó kan jáde tí ó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé Oldsmobile ìsinsìnyí kì í ṣe ti bàbá wọn mọ́. Lójú tèmi, ìṣòwò tí ó burú jù ni èyí, nítorí pé bàbá gan-an ni ó ń ra ọkọ̀ náà nígbà náà, a sì bú u ní gbangba nítorí ọmọ tí kò tíì yà sí ìsọ̀ wọn. Ọmọ náà sì wá wò ó, ó rí i pé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ náà ṣì ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni wọ́n kéde pé Oldsmobile yóò kú, ó sì kú ní ọdún 2004.

Yorùbá a máa sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sí òde. Ní ti Buick, òde ni ó ti kó ẹ̀ṣọ́ wálé, òde náà sì ni Ṣáínà. Kí ìjọba Kọ́múnísíìtì tó dé ni orúkọ náà ti wọ ibẹ̀: Puyi, ọba tí ó jẹ kẹ́yìn lórí ìtẹ́ ilẹ̀ náà, ní Buick, ààrẹ Sun Yat-sen gun Buick, èyí tí Zhou Enlai, tí ó di olórí ìjọba lẹ́yìn náà, lò sì wà ní ibi ìrántí rẹ̀ ní Shanghai. Nígbà tí General Motors àti ilé-iṣẹ́ SAIC ti Shanghai fọwọ́ sí àjọṣe ní ọdún 1997, Buick ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. Kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn ará Ṣáínà pé ọkọ̀ arúgbó ni. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn ńlá ló ń gùn ún rí. Ẹ wo GL8, tí wọ́n mú jáde ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá: ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀sì kékeré tí irú egungun rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá ọlọ́mọ ni ó fi ń kó ọmọ lọ sílé ìwé, ní Shanghai, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí àga aláwọ, dírẹ́bà yóò wà níwájú, ọ̀gá yóò sì máa bá àlejò rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó lọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, General Motors jẹ gbèsè dé kóòtù. Ìjọba tí ó yọ ọ́ sọ pé kí ó dín àwọn orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ kù, wọ́n sì pa Pontiac, Saturn àti Hummer rẹ́. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà rò pé Buick ni yóò kọ́kọ́ lọ, nítorí nǹkan bí 102,000 péré ni ó tà ní ilé lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ní Ṣáínà, ó ti lé ní 400,000. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ pa adìyẹ tí ń yé ẹyin wúrà? Pontiac tí ó ń tà jù ú lọ ní ilé kú, Buick wà láàyè.

Àwọn ọkọ̀ tuntun ti ń bọ̀ lọ́nà kí ìjì náà tó jà. Enclave ni ó ṣáájú ní ọdún 2007, jíìpù onílà ìjókòó mẹ́ta tí ìlà ara rẹ̀ rọra ṣẹ́ kọ́rọ́, tí wọ́n ń ṣe ní Lansing ní Michigan. Òun ni ó kọ́kọ́ mú kí ẹni tí kò tíì pé 60 ọdún wọ inú ìsọ̀ Buick láìtijú. LaCrosse ti ọdún 2009 tẹ̀ lé e, ọwọ́ àwọn ayàwòrán ní Shanghai ló ya inú rẹ̀. Regal wá láti ara Opel ti Jámánì. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni Encore, jíìpù kékeré tí ó dé ìsọ̀ ní ọdún 2013, tí àwọn oníwèé ìròyìn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni yóò ra nǹkan tí ó rí bíńtín bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.4. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọnú rẹ̀ tí ó ti ilẹ̀kùn yóò mọ pé ilé Buick ni òun wà: rọ́bà tí a fi dí etí ilẹ̀kùn nípọn, gíláàsì iwájú ní ìpele tí ń mú ariwo, àwọn ẹ̀rọ agbóhùn kéékèèké inú ọkọ̀ sì ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, kí sípíkà lè gbé ohùn mìíràn jáde tí yóò pa ariwo rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn arúgbó ń tìtorí rẹ̀ ra LeSabre ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ tí ọ̀dọ́ lè rí ibi gbé e sí láàárín ìlú. Àwọn opó fẹ́ ẹ, àwọn tọkọtaya tuntun fẹ́ ẹ, ó sì di ẹni tí ó ń tà jù nínú ẹbí rẹ̀.

Ìgbà yìí ni ìpolówó wá rí ilẹ̀ tẹ̀. Ní ọdún 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ènìyàn ń wá Buick, Buick dúró níwájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ń bá àlejò gbé ọkọ̀ wá yóò máa yí àárín ọkọ̀ ká, aládùúgbò yóò máa yọjú lójú fèrèsé, ọ̀rẹ́ yóò ní irọ́ ni, Buick kọ́ nìyí. Wọn kò bú arúgbó kankan. Wọ́n gba ẹ̀sùn tí a fi kan orúkọ náà mọ́ra, wọ́n fi ṣe àwàdà, wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ dá ara rẹ̀ láre. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ẹni tí ó bá ti ìdí ìpolówó yẹn dé ìsọ̀ yóò sì bá ohun tí ó rí níbẹ̀ gan-an, èyí tí Oldsmobile kò ní nígbà tirẹ̀. Lọ́dún náà Buick ta nǹkan bí 229,000 ní Amẹ́ríkà, ìlọ́po méjì ti ọdún 2009 àti díẹ̀ lé. Ní ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé owó sílẹ̀ fún ìpolówó ní àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Super Bowl, pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù Odell Beckham Jr. àti òṣèré Emily Ratajkowski níbi ìgbéyàwó kan, tí obìnrin náà fò sókè tí ó fi ọwọ́ kan hán òdòdó ìyàwó bí Beckham ti ń hán bọ́ọ̀lù. Cascada, ọkọ̀ alórùlé-ṣíṣí, ni wọ́n ń polówó níbẹ̀. Díẹ̀ ni ó tà, ọdún mélòó kan sì ni wọ́n fi ṣe é. Mo rò pé wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú ojú wá, kí ojú náà sì bọ́ sára Encore.

Owó tí ìsọjí náà gbà kò kéré, ará Flint sì ni ó san púpọ̀ nínú rẹ̀. Buick City, ilé-iṣẹ́ ràgàjì tí ó wà ní ìlú tí Durant ti bẹ̀rẹ̀, ti kógbá wọlé láti ọdún 1999. Encore wá láti Kòríà, Cascada láti Gliwice ní Poland, Regal àkọ́kọ́ láti Rüsselsheim, nígbà tí ó sì di ọdún 2016 ni Envision bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ṣáínà wá sí Amẹ́ríkà, tí owó ibodè ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sì dé bá a ní ọdún 2018. General Motors ta Opel fún àwọn ará Faransé ní ọdún 2017, èyí tí ó gé gbòǹgbò Regal. LaCrosse lọ ní ọdún 2019, Regal lọ ní ọdún 2020, láti ìgbà náà ni ó sì ti jẹ́ pé jíìpù nìkan ni ó kù fún Buick láti tà ní Amẹ́ríkà. Ní Ṣáínà, tí ó ti ń tà ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún nígbà kan, àwọn ọkọ̀ oníná tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe fúnra wọn ti gba ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé GL8 ṣì ń gbé ọ̀gá.

Ní ọdún 2022 ni wọ́n yí àmì asà mẹ́ta tí ó wà níwájú ọkọ̀ náà padà, wọ́n kéde pé iná mànàmáná nìkan ni gbogbo Buick yóò máa lò ní Amẹ́ríkà nígbà tí ọdún 2030 bá fi máa pé, wọ́n sì fún àwọn oníṣọ̀ọ́bù tí kò fẹ́ náwó sórí ìyẹn láǹfààní láti gba owó kí wọ́n sì lọ. Bí ìdajì wọn ni ó gbà á. Electra, orúkọ tí wọ́n gbé láti ara Buick ọdún 1959, ni wọ́n fi sọ àwọn ọkọ̀ oníná náà. Electra E5 dé ọjà Ṣáínà ní ọdún 2023. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà, Envista, jíìpù epo bẹntiróòlù láti Kòríà tí owó èyí tí ó rọjú jù nínú rẹ̀ kò ju bíi 24,000 dọ́là lọ nígbà náà, ni wọ́n gbé jáde, Buick sì padà ta nǹkan bí 167,000.